Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

                                        Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
                                        Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn,
                                        Abúlé wa níbí.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Tíṣà mi, ọ̀rẹ́ tí mo ti ní kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà fún un láti gun àtẹ̀gùn? Àbíkẹ́yìn yín tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣé ọ̀gá rẹ̀ ti ń jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, àbí ọkọ̀ ló ṣì ń fọ̀? Ìwọ alára ńkọ́, ṣé ìfẹ̀yìntì ti mọ́ ọ lára, àbí o ṣì ń jí ní aago márùn-ún bí ẹni tí agogo ilé ìwé ń dúró dè? Àwa níbí kò burú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, pákó kò gbẹ bọ̀rọ̀ mọ́, ìyàwó mi sì ń kí ọ. Ó ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, ó sì ní tí o bá kà á tán, ó ṣeé ṣe kí o má fẹ́ gba ìkíni lọ́wọ́ mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ìdúró ni mo wà nídìí tábìlì iṣẹ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlà kẹrin, mo wá àpótí fìdí lé. O ní o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ eré wa, pé àbúrò rẹ sùn lẹ́nu iṣẹ́, pé ó dójú tì mí níṣojú gbogbo abúlé. O ní o ti kọ̀wé sí i, o sì ti bá a wí débi tó yẹ. O ní o sọ fún un pé ọmọ bàbá yín kì í ṣe ọ̀lẹ, pé kó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má ṣe wá sílé rẹ nígbà ìsinmi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìwọ alára wá ń bẹ̀ mí, ìwọ Tíṣà tí kì í bẹ èèyàn, pé kí n fi ojú àánú wò ó nítorí tìrẹ. Lẹ́tà náà ti wà nínú àpò àyà mi láti ọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ mọ́ pákó láti rẹ́ ẹ, mo ń mọ̀ ọ́n lára níbẹ̀.

Tíṣà, àbúrò rẹ kò sùn. Ẹ̀bi tèmi ni, láti orí dé ìdí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, bírò ni mo sì fi kọ ọ́ kí n má baà lè pa á rẹ́. Ojú ń tì mí débi pé mo ti fa ìwé mẹ́ta ya kí n tó kọ èyí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, má sì jẹ́ kí inú bí ọ jù kí o tó kà á tán.

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ eré yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí kan náà, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mẹ́rin péré ni wá: ìwọ tí o ní ìwé, èmi tí mo ní pákó, oníbúrẹ́dì tó ní ohùn, àti bíríkìlà tí kò ní nǹkan kan àfi ìfẹ́ pé kí wọ́n máa wo òun. O rántí ìtàgé wa àkọ́kọ́, pákó mẹ́jọ tí mo tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rẹ, tó ṣẹ́ mọ́ bíríkìlà lẹ́sẹ̀ láàárín eré. Ó jábọ́, a ò rí i mọ́, síbẹ̀ ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nísàlẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Àwọn èèyàn rò pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò rẹ tẹ̀lé ọ wá. Ó ní òun kò fẹ́ ṣeré o, ohùn òun kéré, ojú sì máa ń ti òun. Ṣùgbọ́n òun mọ̀wé kà, òun sì mọ aṣọ rán. A bá gbé ìwé eré lé e lọ́wọ́, a ní kó jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, kó máa rán ẹni tó bá gbàgbé létí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ẹ̀yìn-Aṣọ. Mo rò pé àwọn kan nínú àwọn tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò mọ orúkọ tó jẹ́ gan-an.

Kò pa eré kan jẹ rí. Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá, ó wá, ó jókòó sórí àpótí kékeré tí mo kàn fún un, ó sì rán wa létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O mọ pẹ́ńsù rẹ̀, èyí tó máa ń fi sẹ́yìn etí. Nígbà ìdánrawò, ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti kọsẹ̀, ó máa ń fi àmì kékeré kan sí etí ìwé, kò tó orí ìṣó. Lọ́jọ́ eré, kí o tó dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ dè ọ́. Àmì oníbúrẹ́dì pọ̀ débi pé a máa ń sọ pé kòkòrò ló jẹ ìwé rẹ̀. Èmi kò ní àmì kankan, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, títí di oṣù tó kọjá. Mo máa ń gba ìwé náà wò lẹ́yìn ìdánrawò kí n lè rí i pé ojú ewé tèmi mọ́, kí n sì fi han àwọn tó kù.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwé ìlú ńlá, bíríkìlà kú, oníbúrẹ́dì sì tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó wá ku èmi nìkan nínú àwa mẹ́rin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Olùdásílẹ̀. Ní àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí wọ́n máa pè mí ní Káfíńtà bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Káfíńtà nínú gbọ̀ngàn, mi ò ní dáhùn. Mo kan àga kan fún ara mi, alápá méjì, tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ jókòó lé. Kò sí eré tí kì í ṣe èmi ni ọba tàbí adájọ́ tàbí baálé ilé. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ irú èèyàn tí ọ̀rẹ́ rẹ dà lẹ́yìn rẹ. Orí mi wú, Tíṣà, kò sì sí ẹni tó kù tó lè sọ fún mi.

Ó tó ọdún mẹ́ta báyìí tí etí mi ti ń di. Ayùn oníná yẹn ló bà á jẹ́, èyí tí o máa ń ní kí n fi òwú dí etí tí mo bá ń lò ó, tí mo sì máa ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nílé, mo ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí kí wọ́n lè máa pariwo bá mi sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí àwọn oníbàárà máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, mo ní kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́ ni. Nínú gbọ̀ngàn, mo gbé àpótí àbúrò rẹ síwájú díẹ̀, mo ní kó lè rí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kàwé. Irọ́ ni. Mo gbé e síwájú kí n lè máa rí ẹnu rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ojú ni mo fi ń gbọ́ ohun tó ń sọ, mo sì rò pé kò mọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, a fẹ́ ṣe eré rẹ, Àlejò Ọ̀sán, láti fi ṣe ìrántí ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún un, onílẹ̀kùn méjì, mo fi fáníìṣì kùn ún títí o fi lè ka eyín rẹ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a ti ṣe ìdánrawò ìkẹyìn tán, mo gbé e wá, mo sì gbé e sí apá òsì, níwájú pátápátá, níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àbúrò rẹ wò ó, ó rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ́bọ́ọ̀dù yìí dí mi. Ẹ ò ní rí mi o." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó sì dojú kọ mí dáadáa kó tó sọ ọ́. Èmi pariwo kí àwọn tó kù lè gbọ́: "Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni? Ta ló tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ná?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ fi sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, àwọn tí kò rí àyè jókòó sì dúró síta, wọ́n ń yọjú wolé. O mọ bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo kọ ọ́: baálé ilé jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn, àlejò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, baálé ilé ká ìwé ìròyìn, ó ní, "Ta nìyẹn lọ́sàn-án gangan?" Onígbàjámọ̀ wa ló ṣe àlejò. Nígbà ìdánrawò, ẹnu àbúrò rẹ ni mo máa ń yọjú wò lórí ìwé ìròyìn. Bó bá ti là á, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbójú sókè, kọ́bọ́ọ̀dù ni mo rí. Fáníìṣì rẹ̀ ń dán.

Mo bá ń ka ìwé ìròyìn lọ. Mo kà á títí. Mo ṣí ojú ewé kejì. Onígbàjámọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà mẹ́ta lòun kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà mẹ́fà, lẹ́yìn náà òun fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a débi tí ìṣó kan fi jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ àfi baálé ilé. Obìnrin kan tó jókòó síwájú ké sí mi pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilé o, ẹ dìde, àlejò ti dé!" Mi ò gbọ́ òun náà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi. Ohun tí mo rí ni ẹnu tó ń là àti eyín tó ń fara hàn, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. O mọ̀ pé eré rẹ kì í ṣe eré ẹ̀rín. Mo mọ̀ nígbà náà pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, gbogbo ara mi sì gbóná.

Mo dìde. Mo ju ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo yí kọ́bọ́ọ̀dù po, mo sì fa aṣọ ìkélé sápá kan. Àbúrò rẹ nìyẹn lórí àpótí, ó tẹrí ba sórí ìwé, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ dé ṣóńṣó imú. Àwọn òǹwòran kò lè rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn àti ìborí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Mo nàka sí i, mo ní, "Ẹ wò ó o! Oorun ló ń sùn! Ẹni tó yẹ kó rán mi létí ló ń sùn yìí!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà, mo búra fún ọ, ní ìṣẹ́jú yẹn, obìnrin tó sùn ni mo rò pé mo rí. Orí tó tẹ̀ síwájú ni mo rí, ìbínú kò sì jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wá wo ohun tó ṣe. Kò dìde lọ, kò sunkún. Ó fa aṣọ ìkélé padà bó ti wà, ó ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn, ó sì rán gbogbo wa létí títí eré fi parí. Ó tún sún àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀ kí n lè máa rí i. Mo rí i, mo sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ tó fún mi, mo sọ ọ́ bí ẹni pé tèmi ni.

Lọ́jọ́ kejì a ṣe ìpàdé. Èmi ni mo jókòó sórí àga alápá méjì. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sọ ọ́." Onígbàjámọ̀ ní òun kò lè jẹ́rìí sí i, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lòun wà, ariwo ọwọ́ ara òun lòun ń gbọ́. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi. Mo ní, "Tó bá sọ ọ́, ṣé etí mi di ni?"

Àbúrò rẹ wò mí. Ó wò mí pẹ́, Tíṣà, bí ìwọ náà ṣe máa ń wo ọmọ ilé ìwé tó kù díẹ̀ kó rí ìdáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni ì bá sọ, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n." Ó gbé ìwé eré sórí tábìlì, ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó fi lé ìwé náà lórí, ó sì jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó padà wá, ó gbé àpótí tí mo kàn fún un sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fọwọ́ sí ìwé tó yọ ọ́ kúrò nípò, a sì gbé iṣẹ́ náà fún ìyàwó onígbàjámọ̀.

Ẹyin lohùn, àwọn òbí wa kò purọ́. Èyí tí mo jù sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kò ṣeé kó mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn kan bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ, wọ́n á máa hanrun. Àwọn oníbàárà á ní kó rọra o, kó má lọ sùn lé aṣọ àwọn lórí. Obìnrin kan tiẹ̀ wá gba aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà láì tíì rán. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n ní Oorun-Ọ̀sán ló ń jẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ náà lẹ́nu ẹnì kan, mo bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ wọ́.

Lẹ́tà rẹ ló wá bì mí lulẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi rí mi lórí àpótí, ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó sì wá dúró síwájú mi kí n lè rí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ta lẹ rò pé ẹ̀ ń tàn? Lánàá, mo kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Etí yín ti di, bàbá àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún mi ni mo ń dúró dè." Mo ní irọ́ ni, mo ní etí mi dá ṣáṣá. Ó bá wọ bàtà, ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó kọjú sí ògiri, kí n máa gbé ọwọ́ sókè bí mo bá ti ń gbọ́ agogo kékeré tí òun máa lù lẹ́yìn mi. Mo jókòó. Mo múra ọwọ́ sílẹ̀ lórí itan. Mo wo ògiri náà títí mo fi mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo yíjú padà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì wo ìyàwó mi, ó wò mí, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, mo ti parí." Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ. Ìgbà mẹ́ta ni mo kọjá níwájú ibẹ̀ kí n tó wọlé, mo ń ṣe bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà nídìí máṣìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí oníbàárà kankan lórí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi náà kò yàtọ̀ sí ti ìyàwó rẹ mọ́, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Ó sáré dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Mo ní ìgbà tí wọ́n pọ̀ ju báyìí lọ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó fún mi ní àga, mo sì ròyìn nọ́ọ̀sì àti ògiri rẹ̀ fún un. Kò yà á lẹ́nu rárá.

Bó ṣe ń dá mi lóhùn ni mo wá ṣàkíyèsí pé ó ń la ẹnu gbàgà, ó ń fà á jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo ti rò pé ọjọ́ orí ló sọ ẹnu rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ gbé àpótí mi síwájú ni mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo jókòó sí tẹ́lẹ̀ ló ní ìmọ́lẹ̀ jù." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nínú ìpàdé, kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n wá fi yín hàn níṣojú wọn, bí ẹ ṣe fi mí hàn?" Ká ní ilẹ̀ lanu gbé mi mì ni, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jókòó padà sídìí máṣìnnì. Ó ní, "Abúlé á sọ̀rọ̀ títí, á sì sú wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sí mi, mi ò tíì lè kà á tán. Ẹ kọ̀wé sí i. Kí ẹ sì gbé e wá kí n kà á kó tó lọ." Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

O rántí òfin keje wa. Ìwọ lo kọ ọ́, lọ́jọ́ tí oníbúrẹ́dì bú bíríkìlà lórí ìtàgé: ẹni tó bá dójú ti ọmọ ẹgbẹ́ níwájú òǹwòran, níwájú òǹwòran ni kó ti tọrọ àforíjì, nígbà eré tó tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má sì rán an létí ohun tó máa sọ. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí la máa tún eré rẹ ṣe. Kí wọ́n tó ṣí aṣọ ìkélé, èmi ni màá kọ́kọ́ jáde. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ nípa etí mi àti nípa kọ́bọ́ọ̀dù. Onígbàjámọ̀ ni yóò ṣe baálé ilé, kí ẹni tó máa gbọ́ ìró ilẹ̀kùn lè wà nínú ilé. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ti wà lọ́dọ̀ wa, ìyàwó mi ń kó abọ́ sí i.

Mi ò mọ̀ bóyá àbúrò rẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé àpótí rẹ̀ lọ fún un, ó ní kí n ṣì gbé e sílẹ̀ ná. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n àárín òǹwòran lòun á jókòó, nítorí òun kò tíì wo eré wa láti iwájú rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ojú wa àti ẹ̀yìn aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún wa ló ń wò, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi í rí bóyá ó wù ú láti wá jókòó síwájú.

Jọ̀ọ́, má kọ èsì sí mi. Òun ni kí o kọ̀wé sí, kí o gba ọ̀rọ̀ tí o sọ padà, kí o sì sọ ọjọ́ tí o ń retí rẹ̀ nílé rẹ fún un. Bí o bá fẹ́ bá mi jà, o lẹ́tọ̀ọ́, wá bá mi níbí. Má wulẹ̀ pariwo, dojú kọ mí nìkan. Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí mẹkáníìkì wa, kí aládùúgbò rẹ tó máa ń gba lẹ́tà pamọ́ dè ọ́.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, Tíṣà. O rí i bí mo ṣe fagi lé e. Láàárọ̀ òní ni mo gbé e lọ fún àbúrò rẹ, bí a ṣe jọ sọ ọ́. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ka ìwé eré. Nígbà tó dé ibi tí ìtàgé ti ṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó yí i padà sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó mú pẹ́ńsù mìíràn, ó fi àmì kan ṣoṣo sí etí ìwé, ó sì fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́. Padà síbẹ̀, wàá rí i, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti búra fún ọ pé obìnrin tó sùn ni mo rò pé mo rí.

Nítorí náà, jẹ́ kí n tún un sọ. Nígbà tí mo fa aṣọ ìkélé, mo wò ó dáadáa. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí ìlà náà. Ó gbé ojú sókè sí mi lókè awò, ó la ẹnu gbàgà, ó ní, "Ta nìyẹn lọ́sàn-án gangan?" Mo rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá padà sórí àga lọ sọ ọ́, èmi ni mo ṣàṣìṣe nìyẹn, lójú gbogbo wọn. Mo rí i, Tíṣà. Lẹ́yìn tí mo rí i tán ni mo tó nàka.

Mo ti gbé èyí náà padà fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi àmì kankan sí i.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
                                        Káfíńtà.